Ẹyẹ Ké Lánàá, Ọmọ Kú Lónìí

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìbéèrè ọmọdé ni mo gbé wá bá yín lóṣù yìí. Ọmọ ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 8, ló bi mí nígbà tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi ní Ṣàngó-Ọ̀tà. Alẹ́ ọjọ́ náà, iná ti lọ, ooru mú, a tẹ́ ẹní síwájú ilé. Àfi bí nǹkan ṣe han lókè òrùlé, "Ṣìààà!", bí ìgbà tí èèyàn bá fa àkísà ya. Ọmọ náà sún mọ́ mi, ó di aṣọ mi mú, ó ní: "Bàbá, ṣé òótọ́ ni pé Ìyá Ẹlẹ́kọ ló máa ń di ẹyẹ yẹn lóru?"

Mo ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?" Ó ní gbogbo ọmọ àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Ó ní wọ́n tiẹ̀ ti kìlọ̀ fún òun pé kí òun má ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ ìyá náà mọ́.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ tíṣà. Ìbéèrè tí mo ti dáhùn kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹnu mi wúwo. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Ẹni tó bá mọ Ṣàngó yóò mọ irú àdúgbò tí mò ń wí. Bí ẹ bá kúrò lábẹ́ bíríjì, tí ẹ dojú kọ ọ̀nà Ìdírókò, ilé iṣẹ́ lọ́tùn-ún, ilé iṣẹ́ lósì: ti irin, ti ike, ti ọ̀rá, ti búrẹ́dì. Ẹ̀yìn ọgbà ọ̀kan tó ti kógbá sílé ni àwa ń gbé. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́, oúnjẹ adìẹ ni wọ́n ń lọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rọ ti dákẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ, ṣùgbọ́n èkúté kò tíì gbọ́ pé wọ́n ti kógbá sílé. Wọ́n pọ̀ débi pé wọ́n ń jẹ ọṣẹ. Ibi tí èkúté bá sì pọ̀ sí, òwìwí kì í jìnnà síbẹ̀. Méjì nínú wọn, akọ àti abo, ti sọ àjà ilé ìkẹ́rù náà di ilé.

Ara fẹ́ńsì ilé iṣẹ́ yìí gan-an ni yàrá Ìyá Ẹlẹ́kọ wà. Opó ni, ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà lọ́nà jíjìn. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń ta ẹ̀kọ kì í sùn bí ẹlòmíràn. Nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ń hanrun, òun ti dá iná, ó ń ro ògì. Àgbàdo rẹ̀ wà lábẹ́ páànù lẹ́yìnkùlé. Èkúté ń wá jẹ àgbàdo, òwìwí ń wá jẹ èkúté, òrùlé ìyá náà sì ni ẹyẹ máa ń bà lé. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jí lóru tó rí iná lójú fèrèsé arúgbó, tó tún rí ẹyẹ funfun lórí òrùlé rẹ̀, ẹ mọ ohun tí yóò rò.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹjọ, ọmọkùnrin kan nínú ilé kejì sí tiwa kú. Kò tíì pé ọdún méjì. Ibà ni; wọ́n rò pé yóò lọ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ti wọ̀ ọ́ lára jù kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Alẹ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀, òwìwí ti ké. Kò sí Yorùbá tí kò mọ òwe tó kàn: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí; ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn oníbàárà Ìyá Ẹlẹ́kọ ti dín kù sí ìdajì.

Ìdí tí ẹnu mi fi wúwo nìyẹn. Ìdí kejì ti pẹ́ ju ìyẹn lọ, n kò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ní ọdún 1964, ọmọ ọdún 10 ni mí, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ọ̀tà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òwìwí kan bà sórí igi ìbẹ́pẹ lẹ́yìnkùlé wa. Àwọn àgbà ní kí àwa ọmọdé sọ ọ́ lókò. Òkò tèmi ló bà á, ó bà á lápá. Wọ́n yìn mí, wọ́n gbé mi sókè. Wọ́n da kẹrosíìnì sí ẹyẹ náà lára láàyè, wọ́n ṣáná sí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àbúrò bàbá bàbá mi, obìnrin arúgbó kan tó máa ń bu ẹ̀pà yíyan sí mi lọ́wọ́, jáde nílé, ó ń tiro. Ó ti yọ̀ ṣubú lọ́nà odò. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Wọ́n ní òkò tó ba ẹyẹ lòun náà fara gbà. Kò pẹ́ sí i, ọmọ rẹ̀ wá kó o lọ sí Agége, kò sì padà wá mọ́ títí ó fi kú. Bí mo ṣe tóbi tó, mo ń fi òkò yẹn yangàn. Ọdún púpọ̀ kọjá kí n tó bi ara mi pé: ṣé apá la sọ lókò, àbí ẹsẹ̀? Ẹyẹ fara pa lápá, ìyá ń tiro lẹ́sẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú gbogbo abúlé tó ro ìyẹn.

Ẹ wá rí i pé ìbéèrè ọmọ náà kì í ṣe ìbéèrè ẹyẹ lásán. Bí mo bá ní, "Irọ́ ni, pa ẹnu dé," yóò pa ẹnu dé, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò ní jáde lára rẹ̀. Ẹ̀rù kì í gbọ́ àṣẹ. Mo pinnu pé kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Mo bá ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, èmi àti àwọn ọmọ méjèèjì jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, bí ogún ìṣísẹ̀ sí ilé ìkẹ́rù náà. Mo fi ọ̀rá pupa wé ojú tọ́ọ̀ṣì kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má baà gún àwọn ẹyẹ lójú. Mo ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀, kí wọ́n má sì sún mọ́ ibi ìtẹ́. A jókòó títí ẹ̀fọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wa lọ. Lójijì, nǹkan funfun kan yọ lójú ihò òrùlé, ó bọ́ sílẹ̀, ó gba orí wa kọjá. Ojú rẹ̀ rí bí ọkàn tí àwọn ọmọdé máa ń yà sínú káàdì. Ọmọbìnrin náà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí pé: "Bàbá, n kò gbọ́ ìyẹ́ rẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Bí ẹyẹlé bá fò, ẹ ó gbọ́ ọ bí àtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n etí ìyẹ́ apá òwìwí ní eyín wẹ́wẹ́ bíi ti kóòmù, òun ló ń tú afẹ́fẹ́ ká kó má baà dún, ara ìyẹ́ náà sì rọ̀ bí òwú. Ohun tó mú kí àwọn èèyàn máa pè é ní iwin nìyẹn: o rí i, o kò gbọ́ ọ.

Ẹyẹ náà bà sórí fẹ́ńsì, ó yí ojú sẹ́yìn wò wá láìyí ara. Ẹ̀gbọ́n figbe ta. Mo ṣàlàyé fún un pé ojú òwìwí kò lè yí nínú ihò rẹ̀ bíi tiwa. Bí ó bá fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́, àfi kó yí gbogbo orí. Egungun ọrùn tiwa jẹ́ 7, tirẹ̀ jẹ́ 14, òun ló jẹ́ kó lè yí orí tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo. Ọmọkùnrin náà gbìyànjú tirẹ̀, ó ní ọrùn ń dun òun.

Mo sọ ti etí fún wọn pẹ̀lú. Etí òwìwí yìí kan ga ju èkejì lọ. Bí ohùn bá ti ilẹ̀ wá, kò bá etí méjèèjì dọ́gba. Nínú ìyàtọ̀ kékeré yẹn ni ẹyẹ ti ń mọ ibi tí eku wà gẹ́lẹ́. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Roger Payne, tó padà di olókìkí nítorí orin àwọn àbùùbùtán inú òkun, yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ní Yunifásítì Cornell láàárín ọdún 1950 sí 1960. Ó fi òwìwí sínú yàrá tó ṣókùnkùn biribiri, ó fọ́n ewé gbígbẹ sílẹ̀, ó tú eku sí i. Òwìwí gbé eku láìrí nǹkan kan. Ó tún so ewé gbígbẹ mọ́ eku kan kó máa wọ́ ọ lórí ilẹ̀ tí kì í dún. Ewé ni òwìwí kì mọ́lẹ̀! Ohùn ló ń dọdẹ. Ẹyẹ tó gbé etí sílẹ̀ fún eku tó ń rìn lórí ewé, kí ló kàn án nínú ọmọ tó ń sùn?

Ní ọjọ́ kejì, ní ọ̀sán, a ṣa àwọn ìdì dúdú kan lábẹ́ ibi tí wọ́n máa ń bà sí. Òwìwí máa ń gbé eku mì lódindi. Èyí tí ikùn rẹ̀ kò lè lọ̀, irun àti egungun, yóò pọ̀ ọ́ jáde ní ìdì. Mo fi ọ̀rá bọ àwọn ọmọ lọ́wọ́, a rẹ ọ̀kan sínú omi tí mo kán ìsáàlì sí, a fi igi tín-ín-rín tú u. Agbárí èkúté mẹ́rin ló jáde, pẹ̀lú eyín wọn pupa rúsúrúsú. Àwọn ọmọ tò wọ́n sórí ìwé ìròyìn. Ọmọbìnrin náà wò ó títí. Ó wá sọ jẹ́ẹ́jẹ́ pé: "Kò sí egungun ọmọ èèyàn níbẹ̀."

Mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbogbo ìgbà tí a ti ń tú u, ohun tó ń wá nìyẹn. Ọmọ ọdún 8.

Ọmọ mẹ́ta wà nínú ìtẹ́ náà, ọlọ́dẹ ló bá wa kà wọ́n. Abo òwìwí kì í dúró kí ẹyin pé kó tó sàba. Láti orí àkọ́kọ́ ló ti ń sàba, nítorí náà wọn kì í pa lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀kan yóò tóbi, ọ̀kan yóò kéré. Híhan tí à ń gbọ́ lóru, púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ohùn àwọn ọmọ tí ebi ń pa. Àwọn onímọ̀ ní orílẹ̀-èdè Switzerland tó ti ṣọ́ wọn fún ọdún pípẹ́ ní àwọn ọmọ wọ̀nyí máa ń fi ohùn bá ara wọn sọ ẹni tí ebi ń pa jù kí òbí tó dé, àti pé ẹ̀gbọ́n a máa fi oúnjẹ tirẹ̀ fún àbúrò. Nígbà tí mo sọ èyí, ọmọkùnrin náà, tó gba ẹran lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ lánàá, tẹjú mọ́lẹ̀.

Mo wá fún wọn ní ìwé kíkọ kan. Mo ní, "Òwe ní ẹyẹ ké, ọmọ kú. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀. Alẹ́ tó bá ké, ẹ kọ 'Ó ké'. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ kọ bóyá ẹnì kan kú ládùúgbò." Oru 21 ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó ké ní oru 17. Kò sí ẹni tó kú. Ọmọkùnrin náà ronú, ó ní: "Ṣùgbọ́n Bàbá, ó lè jẹ́ pé àwọn tó jìnnà ló ń pa."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju ẹ̀rín lọ. Ẹ gbé e yẹ̀ wò. Bí ẹnì kan bá kú nítòsí, ẹyẹ ló pa á. Bí kò bá sí ẹni tó kú nítòsí, ẹyẹ ti pa á lókèèrè. Bí ẹyẹ bá ké, ó ń pe ẹgbẹ́. Bí ó bá dákẹ́, ó ti lọ sí ìpàdé. Ẹjọ́ tí kò sí ọ̀nà tí olùjẹ́jọ́ fi lè jàre láéláé, ṣé a lè pe ìyẹn ní ẹjọ́? Oru tí ẹyẹ ké tí ọmọ sì kú, à ń rántí rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé wa. Ẹgbẹ̀rún oru tó ké tí gbogbo wa jí láyọ̀, ta ló rántí wọn? Òwe náà dára fún ilé ẹjọ́ tí ẹ̀rí pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n a ti sọ ọ́ di ẹ̀rí gan-an.

Ọmọbìnrin náà tún mú ìwé ìkàwé òyìnbó rẹ̀ wá. Òwìwí tó wà nínú ìyẹn wọ awò ojú, ó gbé ìwé dání, ó ń kọ́ àwọn ẹranko yòókù. Ó ní, "Bàbá, èwo ni ká gbàgbọ́? Ṣé tíṣà ni àbí àjẹ́?" Mo sọ fún un pé láyé àtijọ́ àwọn ará Athens ní ilẹ̀ Gíríìkì ya òwìwí sára owó wọn, wọ́n ní ẹyẹ òrìṣà ọgbọ́n ni. Òwìwí kò sì mọ̀wé. Àwa èèyàn la fi awò wọ̀ ọ́, àwa náà la fi àjẹ́ wọ̀ ọ́. Nínú gbogbo aṣọ tí a ń dá fún un, eku lòun ń wá.

Ká ní ibẹ̀ ni ìtàn yìí parí sí ni, inú mi ì bá dùn láti fi í yangàn níwájú yín. Kò parí síbẹ̀.

Ní ọjọ́ Sunday kan, àwọn onílé àti àwọn ayálégbé ṣe ìpàdé lábẹ́ igi máńgòrò. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n gbé kalẹ̀: kí àwọn ọ̀dọ́ lọ pa ẹyẹ náà, kí wọ́n sì sọ fún Ìyá Ẹlẹ́kọ pé kó wá ilé mìíràn. Mo dìde. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àgbàdo àti èkúté. Mo ní ní Malaysia àwọn olóko ọ̀pẹ ń kan àpótí fún òwìwí kí wọ́n lè máa pa eku tó ń jẹ ẹyìn wọn. Mo ní ní Israel, láti ọdún 1983, àwọn àgbẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ dípò oògùn eku, àti pé àwọn àgbẹ̀ Jordan bá wọn dáwọ́ lé e láti 2002, bẹ́ẹ̀ àwọn náà bẹ̀rù òwìwí bíi tiwa.

Bàbá àgbà kan dá mi lóhùn: "Tíṣà, ìwé lẹ mọ̀. Àwọn bàbá wa kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Inú Ọ̀tà níbí lẹ ti ń sọ pé kò sí nǹkan kan?"

Ọ̀rọ̀ náà tọ́, mo sì fèsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo ní, "Bàbá, n kò sọ pé kò sí nǹkan kan. Ohun tó bá wà ń bẹ níbi tó wà. Ohun tí mò ń bi yín ni pé, báwo ni àwọn bàbá wa ṣe ń bá àwọn ìyá wa gbé? Ṣé òkò ni wọ́n sọ fún wọn ni? Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọ́n dá sílẹ̀! Wọ́n gbẹ́ ẹyẹ sórí igi, wọ́n gbé e rù, wọ́n jó, wọ́n kọrin, wọ́n pè wọ́n ní ìyá." Gbogbo ayé ló kan sáárá sí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yìí nígbà tí UNESCO kéde rẹ̀ ní ọdún 2001. Mo rán wọn létí àwọn Atinga tó ti Gold Coast gba Dàhòmì wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí à ń pè ní Yewa lónìí, ní 1950. Àwọn ìyá arúgbó ni wọ́n ń nàka sí jù. Wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń pa adìẹ láti fi bí ó ṣe ṣubú dá wọn lẹ́jọ́, wọ́n sì ń ba ojúbọ àwọn òrìṣà wa jẹ́, kí ìjọba tó fòfin dá wọn dúró ní 1951. Mo ní, "Èyí tí à ń ṣe yìí, ti Atinga ni, kì í ṣe ti àwọn bàbá wa." Mo fi òfin kún un: abala 210 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò nílẹ̀ Gúúsù sọ pé ẹni tó bá pe ẹlòmíràn ní àjẹ́ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 2.

Ilẹ̀ pa rọ́rọ́. Ìgbà yẹn ni bàbá ọmọ tó kú dìde. Kò bínú. Ó kàn bi mí pé: "Tíṣà, ta ló wá pa ọmọ mi?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìdáhùn wà lórí ahọ́n mi. Ẹ̀fọn ni, ẹ̀fọn tó ń yé sínú gọ́tà níwájú ilé gbogbo wa. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ wo ojú ọkùnrin tó sin ọmọ, kí n ní ẹ̀fọn ni? Ọ̀fọ̀ kì í wá ohun kékeré. Ó ń wá ohun tó tóbi tó ikú náà, tó lójú tí èèyàn lè wò. Mo dákẹ́. Ẹnì kan wá ní kí á pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì: kí wọ́n fi ìyá sílẹ̀, kí wọ́n pa ẹyẹ. Gbogbo ojú kọ sí mi. Mo ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ní àárọ̀ Monday, àwọn ọ̀dọ́ gbé àkàbà wá. Wọ́n pa ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹyẹ náà àti àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èkejì fò lọ. Wọ́n dáná sun wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńsì. Àwọn ọmọ mi dúró lójú fèrèsé, wọ́n rí èéfín. Ọmọbìnrin náà kò sunkún. Ó yíjú sí mi, ó ní: "Bàbá, bí kò bá ṣe nǹkan kan, kí ló dé tí ẹ fi gbà?"

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá èsì. Mo lè sọ pé ẹ̀mí èèyàn ju ẹ̀mí ẹyẹ lọ. Òótọ́ ni, n kò sì kábàámọ̀ pé Ìyá Ẹlẹ́kọ ṣì ń sùn nínú yàrá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n má tan ara mi, ohun tí mo fi ra àlàáfíà ìyá náà kì í ṣe tèmi láti tà. Èyí tó tún burú ju ti ẹyẹ lọ nìyí: nígbà tí mo ní "ó dáa bẹ́ẹ̀," mo ti gbà pé ẹyẹ jẹ̀bi. Ẹni tó bá sì gbà pé ẹyẹ jẹ̀bi ti gbà ìdajì ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ìyá. Mo gé ẹ̀ka, mo fi gbòǹgbò sílẹ̀. Bí ọmọ mìíràn bá kú lọ́dún tó ń bọ̀, tí kò sì sí ẹyẹ mọ́, ta ló kù tí wọn yóò nàka sí? Ní 1964, mo sọ òkò. Lẹ́yìn ọdún tó ju ọgọ́ta lọ, n kò sọ òkò mọ́. Mo kàn yà kúrò lọ́nà kí òkò lè ráyè kọjá.

Ohun tí mo sọ fún ọmọ náà nìyí: "Ẹ̀rù bà mí. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ nítorí ìyá, ṣùgbọ́n kò tọ́ sí ẹyẹ náà. Mo jẹ̀bi." Àwọn kan yóò ní àgbà kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé. Èmi rò pé ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Bí a bá kọ́ ọmọ pé kò sí ohun tó ń ba àgbà lẹ́rù, ọjọ́ tí ẹ̀rù bá bà á, yóò wá ẹni tí yóò dì í rù.

Àwọn èkúté ti pọ̀ sí i báyìí. Gbogbo ilé ló ń ra oògùn eku lọ́wọ́ àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ polówó, wọ́n ń fi í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí àwọn ọmọ ń sùn lé. Òwìwí tó bá sì jẹ eku tó ti jẹ oògùn, òun náà lè kú. Kò sí ẹni tó pe ìyẹn ní àjẹ́.

Ẹ̀yin òbí, n kò ní kí ẹ sọ ohun tí ẹ gbà gbọ́ nù. Mo ní kí ẹ tó ní kí ọmọ yín bẹ̀rù ohun kan, ẹ mú un lọ́wọ́, ẹ jọ lọ wò ó. Bí ó bá jẹ́ ejò, yóò rí eyín rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òwìwí, yóò rí eku lẹ́nu rẹ̀. Ilé ni ogún, ilẹ̀ ni ogún, orúkọ rere ni ogún. Ẹ̀rù tí a kò tíì yẹ̀ wò, ẹ má ṣe fi í jogún fún ọmọ, nítorí kì í pẹ́ rárá kó tó kúrò lórí ẹyẹ, kó bọ́ sórí èèyàn.

Ọjọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n padà sí Èkó, èmi àti ọmọbìnrin náà lọ ra ẹ̀kọ. Ìyá Ẹlẹ́kọ fi méjì ṣe ènì. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn o, ìyá mi kékeré. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta." Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Lóru ọjọ́ yẹn, nǹkan kan han láti ọ̀nà ilé ìkẹ́rù, lẹ́ẹ̀kan péré. Ọmọ náà tan tọ́ọ̀ṣì, ó wá ìwé kíkọ rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀: "Ó ké." Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kó tó wọ mọ́tò, ó tún ṣí i, ó kọ sí abẹ́ rẹ̀: "Kò sí ẹni tó kú."